Ìmọ́lẹ̀ Fèrèsé Ẹ̀yìn

Àtìní, 5 Jánúárì

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ yìí, ètè mi ti là. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé rọ̀ bí òwú. Ọyẹ́ ti fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ojú oòrùn fún mi, mi ò tiẹ̀ ní láti ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kí n tó ya fọ́tò.

Àǹtí Lateefah kó ìgò lọ́fínńdà tí wọ́n ń pò tà wá láti Okota, ìkọ̀ọ̀kan nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kí wọ́n má baà kọlu ara wọn nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wọ́n to gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì mi, wọ́n wá jókòó tì í bí ẹni tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́.

"Salimat, ilé ìtajà ńlá kan ní Ìkẹjà ní kí n fi fọ́tò wọn ránṣẹ́. Tó bá wù wọ́n, wọ́n á pàtẹ ẹ̀ fún ààwẹ̀ títí dé Ìtùnú. Kó tó di ìdajì oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ẹ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. A máa parí ẹ̀ kí oṣù yìí tó tán."

"Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ o. Ojú àwọn ìgò yìí ni mò ń wò."

Mo ní mo gbọ́.

Àtàláátà, 6 Jánúárì

Àwọn ìgò dúdú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fi páálí funfun sí òdìkejì kó máa dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣàn láti èjìká ìgò dé ìdí ẹ̀. Ìlà yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, ìgò dúdú ò yàtọ̀ sí èédú.

Ọmọrí aláwọ̀ wúrà ló fẹ́ dójú tì mí. Mo yà á tán, mo wò ó dáadáa, mo rí ara mi nínú ẹ̀, èmi àti híjáàbù pupa mi, kékeré bí èèrà. Mo pààrọ̀ híjáàbù, mo tún rí ọwọ́ mi. Nígbà tó yá mo ta aṣọ dúdú síwájú ara mi, mo dá ihò kan sí i fún ojú kámẹ́rà. Ó mọ́ tónítóní. Inú mi dùn débi pé mo se ìrẹsì tí mo fi ẹran sí.

Àlàmísì, 8 Jánúárì

Lọ́rì já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ níwájú ilé Alhaji Múdàṣírù. Ilé wọn ló wà lẹ́yìn wa, ilé ilẹ̀ tí wọ́n ti da dẹ́kìn lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọn ò kọ́ òkè ẹ̀. Orí dẹ́kìn yẹn ni fèrèsé mi kọjú sí. Wọ́n ń sá aṣọ àti ata síbẹ̀. Ojú ọ̀run ni gbogbo ìyókù.

Alhaji fúnra wọn gun àtẹ̀gùn wá bá mi, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n.

"Salimat, ọmọ mi, mo mọ̀ pé fèrèsé yìí ló ń bọ́ ẹ. Kò ní dáa kó o kàn jí lọ́jọ́ kan kó o rí bíríkìlà. Mo fẹ́ kọ́ òkè yẹn fún Ìsíátù."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀rẹ́ mi ni Ìsíátù ọmọ wọn láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ẹ̀ kú nígbà òjò tó kọjá, àwọn ẹbí ọkọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ sì ń sùn lórí ẹní ní pálọ̀ bàbá ẹ̀ láti ìgbà náà.

"Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀ láyọ̀, Alhaji."

"Àmín, ọmọ mi. Àmín."

Èmi náà ṣe àmín.

Jímọ̀, 9 Jánúárì

Mo ya àwọn ìgò aláwọ̀ tíì. Tí mo bá ṣe kíá, mo lè ṣíwájú ògiri.

Àtìní, 12 Jánúárì

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àjàmú ni ọ̀gá bíríkìlà ń jẹ́, ará Ọ̀yọ́ ni, ohùn ẹ̀ sì ga ju ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ǹtì lọ. Eruku sìmẹ́ǹtì wá dara pọ̀ mọ́ ti ọyẹ́. Ojú lásán lè má rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i. Ìgò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù wá dà bí ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀. Mo nù ún, mo yà á, mo tún nù ún. Ọ̀kan ṣoṣo ló yọrí láti àárọ̀.

Àlàrùba, 14 Jánúárì

Ìsíátù wá kí mi. Ó dúró síbi fèrèsé, ó ń nàka.

"Wò ó, láti ibi píílà yẹn dé ibí, yàrá mi nìyẹn. Àwọn ọmọ á wà lápá ọ̀hún. Bàbá ní kí n yan àwọ̀ ọ̀dà tó wù mí."

"Èwo lo yàn?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti bi mí ní ohun tó wù mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà ikú ọkọ ẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀. Ó wá wo tábìlì mi, ó wo ògiri tó ń bọ̀.

"Kò ní dí ẹ lọ́wọ́, àbí?"

"Rárá o."

"Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́."

Sátidé, 17 Jánúárì

Ògiri ti dé ìsàlẹ̀ fèrèsé mi. Ìmọ́lẹ̀ ò kan orí tábìlì mọ́. Mo tọrọ búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ Àjàmú láti fi gbé ẹsẹ̀ tábìlì ga.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù ṣe nínú yàrá?"

"Ẹ̀yin ń ga, èmi náà fẹ́ ga."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn èèyàn ẹ̀ bá mi gbé e gòkè. Kò mọ̀ pé mi ò ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Orí àpótí ni mo dúró sí tí mo fi ya ìgò aláwọ̀ ewé méjèèjì, wọ́n sì dára.

Àtìní, 19 Jánúárì

Ó ku àwọn ìgò tó mọ́ gaara, àwọn gan-an sì ni Àǹtí Lateefah fẹ́ràn jù. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ò lójú tara ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lèèyàn ń rí. Ẹ̀yìn ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti wá, kó gba inú aṣọ funfun kọjá, kí èèyàn wá gbé páálí dúdú sọ́tùn-ún àti sósì kó lè fa etí ìgò yọ. Láìsí dúdú, ìgò á yọ́ mọ́ funfun, ọmọrí nìkan ni yóò dá dúró lófuurufú.

Ẹ̀yìn tábìlì mi, ògiri búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀ báyìí. Fọ́tò jáde bàìbàì bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò.

Mo sọ fún Àǹtí Lateefah lórí fóònù. Wọ́n bínú, kì í ṣe sí mi.

"Ṣé wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ bó ṣe yẹ láàárín ilé méjèèjì? Wọn ò fi í sílẹ̀! Lọ sí káńsù, Salimat. Ọ̀rọ̀ kan péré lo máa sọ, wọ́n á dá iṣẹ́ náà dúró."

Àtàláátà, 20 Jánúárì

Mo wọ aṣọ, mo lọ. Mo dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ bi mí pé ta ni mo wá rí, mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n dúró sápá kan kí àwọn tó mọ ẹni tí wọ́n wá rí lè kọjá. Mo dúró. Mo ń ro bí màá ṣe sọ ọ́: opó kan fẹ́ ní yàrá, ẹ bá mi dá a dúró.

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Nígbà tí mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn, àwọn ọmọ Ìsíátù ń jẹun lórí ẹní, Alhaji sì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn nítorí kò sí àyè nínú pálọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé dáadáa lo jáde?" Mo ní dáadáa ni.

Jímọ̀, 23 Jánúárì

Ìṣẹ́gun kékeré. Mo na bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun sórí ògiri tuntun náà láti fèrèsé mi, mo fi ìṣó tí Àjàmú fún mi kàn án. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ lókè bọ́ sára ẹ̀, ó sì padà sínú yàrá. Mo rí ìgò gaara kan yà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó mọ́ tó? Ó mọ́ díẹ̀.

Sátidé, 24 Jánúárì

Wọ́n da líńtẹ́lì, kọnkéré orí fèrèsé. Gbogbo sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́ kù ṣàn sórí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mi. Àjàmú bẹ̀ mí, tọkàntọkàn ló sì fi bẹ̀ mí. Mi ò rí ẹni tí màá bínú sí.

Àtàláátà, 27 Jánúárì

Mo ra gílóòbù ńlá méjì lọ́jà Bọ́ládé lánàá. Wọ́n ti wọ́n sí i láti ọdún tuntun. Ẹni tó tà á ní funfun ni méjèèjì, ó tàn wọ́n hàn mí nínú oòrùn. Nínú oòrùn, kí ni kò funfun?

Nígbà tí iná dé lónìí ni mo rí i. Ọ̀kan pọ́n bí omi ẹ̀kọ àgbàdo, èkejì ń ṣe búlúù. Nínú fọ́tò, apá kan ìgò ń ṣe ibà apọ́njú, apá kejì dà bí òkú. Mo pa ọ̀kan, mo fi èkejì yà á, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò tó. Mo fi aṣọ sẹ́, ó tún dín kù. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ.

Àlàmísì, 29 Jánúárì

Mo yá iná ńlá kan, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sójú ọgbà. Lónìí, ìmọ́lẹ̀ tó. Ó tiẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé e sẹ́yìn aṣọ funfun, mo gbé páálí dúdú sọ́tùn-ún àti sósì, etí ìgò yọ, ọkàn mi fò sókè. Mo yí ẹ̀yìn padà láti tún kámẹ́rà ṣe. Kí n tó yíjú, ooru iná náà ti ká lábẹ́lì ìgò kúrò lára ẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà.

Jímọ̀, 30 Jánúárì

Àǹtí Lateefah wá. Mo fi ìgò tí lábẹ́lì ẹ̀ ká hàn wọ́n. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ padà, ó tún dìde. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

"Ọwọ́ mi ni mo fi lẹ gbogbo wọn," wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú wọn, wọn ò pariwo.

"Àǹtí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, mi ò ní bínú."

"Ta ni màá gbé e fún nísinsìnyí? Ìwọ ni mo mọ̀."

Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Sátidé, 31 Jánúárì

Ìsíátù gun òkè wá láàárọ̀, kò jókòó. Ó ti wà lórí dẹ́kìn lánàá, ó ń bu omi sára ògiri, ó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ èmi àti Àǹtí Lateefah.

"O parọ́ fún mi."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Kó o sọ pé ilé mi ń pa ẹ́ lára."

"Tí mo bá sọ ọ́ ńkọ́? Ṣé wàá ní kí bàbá ẹ wó o?"

Mo gbọ́ bí àwọn èèyàn Àjàmú ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún.

"Rárá," ó ní. "Mi ò ní lè sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá ẹ sọ ọ́."

Ó wá jókòó. Ó mú ìgò gaara ńlá tó wà lórí tábìlì, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó wo fèrèsé nípasẹ̀ ẹ̀.

"Salimat, ilé yẹn ò tíì ní òrùlé. Àwọn bíríkìlà kì í wá ní Sọ́ńdè. Gbé tábìlì ẹ wá."

Sọ́ńdè, 1 Fẹ́búárì



Èmi àti Ìsíátù la jọ gbé tábìlì gba orí àtẹ̀gùn tí kò ní ọwọ́ ìdìmú. Inú yàrá ẹ̀ la gbé e kalẹ̀ sí, láàárín ògiri mẹ́rin tó ń run sìmẹ́ǹtì tútù, ojú ọ̀run lókè wa, funfun títí dé ibi tí ojú lè rí. Ó pẹ́ tí mi ò ti rí ìmọ́lẹ̀ tó báyẹn. Mo kàn dúró síbẹ̀.

Mo na aṣọ funfun sẹ́yìn tábìlì, mo gbé ìgò kalẹ̀, mo yà á. Ìgò pòórá. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti ibi gbogbo, ó wọnú ìgò láti ibi gbogbo, páálí dúdú mi sì kéré jù, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ bo òkun. Ọmọrí nìkan ló kù, tó ń dá léfòó.

"Kí ló dé?"

"Dúdú ò tó. Aṣọ dúdú ńlá ni mo nílò, tó fẹ̀ tó ìbòrí ìbùsùn, lápá méjèèjì."

Ìsíátù wò mí. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, aṣọ tákábà tó fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ ẹ̀ ló kó dání, ìró méjì àti híjáàbù gígùn, gbogbo ẹ̀ dúdú kirikiri. Mo rí i nínú wọn fún oṣù mẹ́rin.

"Wọ́n ní kí n fi ṣe sàráà. Mo kó wọn sínú báàgì, mi ò gbé e jáde rí."

"Ìsíátù, kò pọn dandan."

"Sọ ibi tí màá dúró sí."

Mo so ìró kan mọ́ irin píílà lápá òsì. Èkejì, òun ló na ọwọ́ méjèèjì tó dì í mú lápá ọ̀tún. Mo wo inú kámẹ́rà. Etí ìgò yọ jáde tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú, láti ọrùn dé ìdí, bí ojú tí wọ́n lé tìróò sí. Mi ò ya irú ẹ̀ rí láyé mi. Mo pè é pé kó wá wò.

Ó wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà. "Aṣọ yẹn náà rèé?"

"Òun ni."

Ó fi ìka kan etí ìgò nínú fọ́tò náà, ó ń fi tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó padà lọ sí àyè ẹ̀, ó tún gbé aṣọ sókè.

A ya gbogbo ìyókù báyẹn. Ìgò ńlá ló kẹ́yìn, onígun mẹ́jọ, èyí tí Àǹtí Lateefah fi orúkọ ìyá wọn sọ. Ọ̀kan ṣoṣo péré ni ẹni tó ń bá wọn ṣe ìgò tíì fi ránṣẹ́. Mo ń nu àtẹ̀ka ọwọ́ mi kúrò lára ẹ̀ kí n tó yà á, nígbà tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dé. Mi ò gbọ́ bó ṣe ń bọ̀. Aṣọ funfun wú bí ìgbòkun, ó gbá tábìlì. Mo na ọwọ́. Ìka mi kàn án, mo mọ̀ pé ìka mi kàn án.

Ó fọ́ sórí dẹ́kìn. Òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé. Ìsíátù kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù sínú ìdí ìró, ó ń sọ pé, "Má bínú, má bínú," bí ẹni pé òun ló fẹ́ afẹ́fẹ́.

Àtìní, 2 Fẹ́búárì

Mo pe Àǹtí Lateefah. Mo sọ gbogbo ẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí. Níbo ni mo tún fẹ́ wà?"

Àtàláátà, 3 Fẹ́búárì

Mo fi gbogbo fọ́tò tó kù ránṣẹ́ sí wọn. Àǹtí fi ohùn ránṣẹ́ padà lórí Wọ́ọ́sáàpù: "Salimat, àwọn ìgò gaara yìí, ṣé tèmi ni lóòótọ́?" Wọ́n ti darí ẹ̀ sí Ìkẹjà.

Jímọ̀, 6 Fẹ́búárì

Kò sí èsì. Àwọn kápẹ́ńtà ti kó igi òrùlé gòkè.

Àtìní, 9 Fẹ́búárì

Èsì dé. Wọ́n ní àwọn fọ́tò náà dára gan-an, wọ́n tiẹ̀ béèrè ẹni tó yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kó lọ́fínńdà tiẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àtẹ ti kún. Kí wọ́n padà wá lẹ́yìn Iléyá.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ń fi ìṣó kan bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mọ́ ògiri.

Àǹtí Lateefah ò sọ ìyẹn. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn á fi fọ́tò náà síta fúnra wọn, àwọn á máa tà á níwájú ilé ní Okota. Mo ní màá máa bá wọn gbé e kiri. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ohùn wọn sì ti rẹ̀.

Àlàmísì, 12 Fẹ́búárì

Wọ́n kan páànù lé e. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó kù lókè fèrèsé mi, tí mo ti ń tan ara mi pé ó lè tó ìgò kékeré kan, ẹnu páànù ti bò ó. Gbogbo àdúgbò wá kí Alhaji kú oríire. Mo lọ. Mo jẹ nínú mọ́ínmọ́ín wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Má bínú sí mi." Mo ní, "Alhaji, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́." Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè ṣe.

Sátidé, 14 Fẹ́búárì

Mo lọ wo yàrá kan lápá ibi àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Fèrèsé ẹ̀ fẹ̀, pápá kékeré kan ló wà níwájú ẹ̀. Mo bi ẹni tó mú mi lọ bóyá wọ́n máa kọ́ nǹkan síbẹ̀.

"Àǹtí, ní Èkó yìí? Ta ló mọ̀?"

Owó ilé náà ju agbára mi lọ.

Àtìní, 16 Fẹ́búárì

Ìsíátù ti kó wọlé. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń sáré láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn kó lè dún padà. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n dákẹ́.

Mò ń gbé ọbẹ̀ ka iná nígbà tí ẹnì kan lu fèrèsé mi. Mo ṣí i. Fèrèsé ẹ̀ náà ṣí sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò rí ojú ẹ̀, òkùnkùn ti bo àárín wa.

"Salimat, fún mi níyọ̀ díẹ̀. Gbogbo ẹrù mi ló ti dàrú."

Mo na ife iyọ̀ síta, ọwọ́ ẹ̀ bá tèmi ní àárín. Ó gbọ̀n díẹ̀ sínú àwo tiẹ̀, ó dá ife padà sí mi lọ́wọ́, ó ní Ọlọ́run á bù kún mi. Mo ṣe àmín.

Ọ̀sán gangan ni. Mo ní láti tan gílóòbù kí n tó rí ibi tí mo fi ìdérí iyọ̀ sí.